Erédò Súngbọ́: Odi Àtijọ́ Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Ọmọ Lótò

  Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí èmi, tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣe iṣẹ́ ṣe, kọ nǹkan nípa ìtàn sínú ìwé ti ọdún yìí. Mo gbà tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ti ń gún mi ní kẹ́ṣẹ́ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, n kò sì rí ibi tí mo lè sọ ọ́ bí kò ṣe níwájú ẹ̀yin ará mi.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ kan mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn àwọn òyìnbó ayé àtijọ́, mo sì fi àwòrán ilé olódi kan tí ń jẹ́ Conwy hàn wọ́n. Ilẹ̀ Wales, tí ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààlà, ni ilé olódi náà wà. Edward Kìíní, ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́ ọ láàárín 1283 sí 1287, nígbà tí ó ń fi ogun tẹ orí àwọn ará Wales ba. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ilé ìṣọ́ ńláńlá mẹ́jọ ni ó sì wà lára rẹ̀. Lónìí, òrùlé rẹ̀ ti lọ, kò sí ọba tàbí ọmọ ogun kan tí ń gbé inú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ń san owó kí wọ́n tó wọlé wo ahoro náà, ìjọba ibẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí ó gbé ẹyin lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ èyí tán, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn baba tiwa kò mọ odi rí ni?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi nínú, ó sì tún dójú tì mí. Ó dùn mọ́ mi, nítorí pé abèèrè kì í ṣìnà. Ó dójú tì mí, nítorí pé mo mọ iye ilé ìṣọ́ tí ó wà lára ilé olódi kan ní Wales, ṣùgbọ́n n kò tí ì fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ odi kan tí gígùn rẹ̀ ju ti ilé olódi yòówù lọ, odi tí ènìyàn lè kúrò ní Lótò ní òwúrọ̀ kí ó lọ wò, kí ó sì padà wá jẹun alẹ́ nílé. Odi náà ni Erédò Súngbọ́, tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Kí ni ti Ìjẹ̀bú nínú ìwé àwa ará Lótò? Ṣebí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Mowé àti Ìbàfò?" Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù kà á dé òpin. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ odi Ìjẹ̀bú yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ.

OHUN TÍ ERÉDÒ JẸ́

Erédò kì í ṣe ilé tí a fi òkúta mọ. Yàrà ni, tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ yangí, tí a sì kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ jọ sí etí rẹ̀ ní apá ti inú, títí tí ó fi di òkè. Ẹni tí ó bá ti ìta wá yóò kọ́kọ́ bá kòtò pàdé, lẹ́yìn kòtò ni yóò tún kan òkè. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó òkè náà, àwọn ibìkan wà tí ó tó 20 mítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 65. Bí ọkùnrin mẹ́wàá bá gun èjìká ara wọn nínú yàrà náà, orí ẹni tí ó wà lókè pátápátá kò ní í yọ. Ara ògiri yàrà náà sì dán lọ́nà ìyanu, bí ẹni pé ẹnìkan fi ọwọ́ pa á.

Gígùn gbogbo rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ, ìyẹn 100 máìlì. Ọ̀nà láti Èkó dé Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ó yí ká tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá dé gúúsù, ó sì tó nǹkan bí 35 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti abúlé mìíràn. Ìlú kan tilẹ̀ wà ní apá Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Erédò títí di òní.

Patrick Darling, onímọ̀ ìwalẹ̀ láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó rìn káàkiri inú igbó wọ̀nyí fún ìwádìí, ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó nínú yàrà náà yóò tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ mítà oníhà mẹ́fà. Èyí ju ohun tí wọ́n fi kọ́ òkè òkúta ńlá ti àwọn Fáráò ní Íjíbítì lọ, ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Òótọ́ ni pé gbígbẹ́ ilẹ̀ kò le tó gbígbẹ́ òkúta. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe é fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá jáde lójoojúmọ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbẹ́ mítà oníhà mẹ́fà kan, tí ó sì rù ú gun òkè, tí wọ́n bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún 100 ọjọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdọọdún, 35 ọdún ni yóò gbà wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbẹ́ kànga nínú yangí rí mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ tí mo bù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹn kì í ṣe kékeré. Kò sí katakata nígbà náà. Ọkọ́, agbọ̀n àti orí ènìyàn ni wọ́n fi ṣe é.

Èyí fi hàn wá pé ìlú tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìlú rúdurùdu. Ẹnìkan ní láti wà tí ń pàṣẹ tí a ń gbọ́. Oúnjẹ ní láti wà fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ráyè lọ sí oko. Alágbẹ̀dẹ ní láti wà tí ń rọ ọkọ́ tí ó bá ti kú. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn kan kí àwọn tó dé, Erédò wà nínú igbó, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn.

ỌJỌ́ ORÍ RẸ̀

Àwọn Potogí ni ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sínú ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, atukọ̀ kan tí ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ pé ìlú ńlá kan wà lẹ́yìn ọ̀sà tí ń jẹ́ Geebu, pé yàrà ńlá yí i ká, àti pé Agusale ni orúkọ olórí ibẹ̀. Ọmọ kékeré ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé Ìjẹ̀bú ni Geebu, Awùjalẹ̀ sì ni Agusale. Nítorí náà, yàrà ti wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ohun tí ó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn, àlejò sì ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ní 1959, P. C. Lloyd kọ ọ̀rọ̀ Erédò jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Odù. Lẹ́yìn èyí, igbó tún bò ó mọ́lẹ̀ lójú ayé títí di 1999, nígbà tí ìròyìn iṣẹ́ Darling tàn káàkiri àgbáyé. Àwọn olùwádìí ìgbà náà rò pé láàárín 800 sí 1000 lẹ́yìn ikú Olúwa wa ni a gbẹ́ ẹ. Àwọn tí ó walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn wọn rí ẹ̀rí tí ó tọ́ka sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, àwọn baba wa ti gbẹ́ Erédò tán kí ọkọ̀ Potogí kìíní tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa ní nǹkan bí 1472.

TA NI SÚNGBỌ́?

Àwọn ará Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin kan ni ó ni iṣẹ́ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Bílíkísù Súngbọ́. Wọ́n ní ó jẹ́ olówó púpọ̀, opó ni, kò sì bímọ. Nígbà tí ó rí i pé òun kò ní ọmọ tí yóò máa jẹ́ orúkọ òun lẹ́yìn ọjọ́ ikú, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ náà ká, kí àwọn ìran tí ń bọ̀ lè máa rántí òun. Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ní ibojì rẹ̀ wà. Lọ́dọọdún ni àwọn Mùsùlùmí, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà.

Àwọn kan tún sọ pé Súngbọ́ yìí gan-an ni ọbabìnrin Ṣébà, ẹni tí ó lọ wo ọgbọ́n Sólómọ́nì ọba, tí àwọn Mùsùlùmí sì ń pè ní Bílíkísù. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ ka ọdún. Nǹkan bí 900 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó bí Jésù ni Sólómọ́nì jọba. Yàrà yìí sì jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún tàbí 600 ọdún sẹ́yìn. Ó lé ní 1,700 ọdún tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, bí a tilẹ̀ mú iye tí ó kéré jù. Ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ pé, nígbà tí ìsìn tuntun dé, tí àwọn ènìyàn gbọ́ ìtàn Bílíkísù, wọ́n rántí obìnrin ńlá tiwọn, wọ́n sì fi orúkọ náà bu ọlá fún un.

Bí a bá yọ Ṣébà kúrò, ohun pàtàkì ṣì kù. Ìtàn ẹnu kò sọ pé ọba tàbí balógun ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ náà. Obìnrin tí kò bímọ ni ó dárúkọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láàárín wa, àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó bí ogún ọmọ nígbà ayé Súngbọ́, ta ni ó mọ orúkọ wọn lónìí?

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI GBẸ́ Ẹ

Ogun ni ìdí tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá mọ ìwúlò odi lójú ogun. Nígbà tí Gezo, ọba Dàhòmì, kó ogun wá bá Abẹ́òkúta ní oṣù March 1851, odi ìlú ni àwọn baba wa dúró tì tí wọ́n fi lé e padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní 1864. Ṣùgbọ́n odi Abẹ́òkúta yí ìlú kan ká, ènìyàn sì pọ̀ tó láti ṣọ́ ọ. Ti Erédò yàtọ̀. Bí a bá fi ọmọ ogun kan sí ibi 10 mítà kọ̀ọ̀kan, a ó nílò 16,000 ọmọ ogun kí a tó lè ṣọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láì ka àwọn tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn lóru. Kò sí ìlú tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà, àwọn tí ó ronú jinlẹ̀ gbà pé pààlà ni Erédò jẹ́ ju ibi ìjà lọ. Ó ń sọ fún àlejò pé, "Níhìn-ín ni ilẹ̀ Awùjalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀." Ẹlẹ́rù kò lè gba inú yàrà kọjá, ó ní láti wá ẹnu bodè, kí ó kí oníbodè, kí ó sì san owó bodè. Ẹni tí ó bá ní bodè ni ó ni òwò. Ọgbọ́n yìí sì ni àwọn Ìjẹ̀bú fi di ọlọ́rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé wọ́n wà láàárín ọ̀sà àti òkè, ẹni tí ń bọ̀ láti etíkun àti ẹni tí ń bọ̀ láti Ìbàdàn kò lè ṣe kí wọ́n má kàn wọ́n.

Ọgbọ́n náà sì ni ó fa ogun Ìmàgbọn. Nígbà tí Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òwò mọ́ Èkó, Gómìnà Carter rán ọmọ ogun sí wọn ní oṣù May 1892. Ìbọn Maxim ni wọ́n gbé wá, èyí tí ń yọ ọta bí òjò. Àwọn Ìjẹ̀bú jà bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn òyìnbó ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Yàrà tí ó ti dáàbò bo ilẹ̀ náà láti ayé àwọn baba ńlá wọn kò lè dá ìbọn bẹ́ẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ náà ni bodè ti ṣí, tí Erédò sì di ahoro nínú igbó.

ÌRÌN ÀJÒ WA

Lẹ́yìn ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn, mo bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, a dá owó ọkọ̀, mo sì kó àwọn ọmọ lọ. Ọ̀nà kò le. Láti Lótò a gba títì Èkó sí Ìbàdàn títí dé ìyànà Ṣàgámù, níbẹ̀ ni a yà sí ọ̀tún gba ọ̀nà tí ó lọ sí Benin, ó di Ìjẹ̀bú-Òde, láti ibẹ̀ a lọ sí Òkè-Ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kí ó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń já wọ̀ bí olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n fún wa láti máa ṣe amọ̀nà wa.

Ní ibojì Súngbọ́, wọ́n sọ fún wa pé èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé obìnrin kì í wọlé. Àwa ọkùnrin wọlé, àwọn ọmọbìnrin dúró lóde, ẹni tí ó béèrè ìbéèrè náà wà lára wọn. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Tíṣà, obìnrin kọ́ ni Súngbọ́ ni?" Mo ní obìnrin ni. Kò tún sọ nǹkan mìíràn, èmi náà kò sì rí èsì fún un ju pé èèwọ̀ ilé ẹlòmíràn ni, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà amọ̀nà wa mú wa lọ sí ibi yàrà. A ti fi ọkọ̀ sílẹ̀, a ti rìn gba inú oko kòkó kan àti oko ẹ̀gẹ́ kan, n kò sì tí ì rí nǹkan kan tí ó jọ odi. Lójijì ilẹ̀ là níwájú wa. A fara balẹ̀ di gbòǹgbò igi mú, a sì sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn tí ó ń pa wá lórí kò sí mọ́; àwọn igi ti nawọ́ sí ara wọn lókè, wọ́n sì bo yàrà náà bí òrùlé. Ó tutù bí inú ìkòkò omi. Ògiri yangí ga ní ọ̀tún, ó ga ní òsì, ewédò bò ó. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń pariwo láti Lótò dákẹ́ láìjẹ́ pé mo bá wọn wí. Mo gbé ọwọ́ lé ara ògiri náà, mo sì rò ó pé ẹnìkan ti fi ọkọ́ gbẹ́ ibi tí ọwọ́ mi wà yìí, ẹni tí ó jẹ iṣu tí ó sì mu omi bí tèmi, tí ó sì lọ sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro.

Ṣùgbọ́n a kò rìn jìnnà kí a tó dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Katakata ti wọ́ apá kan òkè náà lulẹ̀ sínú yàrà, kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Níwájú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti ń bu yangí rẹ̀ lọ fún kíkọ́ ilé. Amọ̀nà wa ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ibi púpọ̀. Láti 1995 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Sukur ní apá òkè ọya wọ inú ogún náà ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ inú rẹ̀ ní 2005, Erédò sì ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe pé igbó Ọ̀ṣun tóbi jù ú lọ. Àwọn ènìyàn kan ni wọ́n dúró ti igbó náà, tí wọ́n kọ̀ fún àwọn agégi àti àwọn tí ń ra ilẹ̀, ni kò jẹ́ kí ó run.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó KAN LÓTÒ

Ẹ̀yin ará mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gún mi nìyí. Bí mo ti dúró níbẹ̀ tí mo ń bínú sí ẹni tí ó fi katakata wó Erédò, ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Ní ẹ̀yìn ilé wa, ibi kan wà tí àwọn baba wa ń pè ní ahoro. Níbẹ̀ ni baba ńlá wa kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ìrókò kan wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kún fún àpáàdì, nígbà tí mo sì wà lọ́mọdé a kì í ṣeré níbẹ̀ nítorí àwọn tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà ilẹ̀ dé, àwọn mọ̀lẹ́bí ṣèpàdé, a sì tà á. Èmi ni akọ̀wé mọ̀lẹ́bí. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìtàn ni mo kọ ìwé náà, tí mo sì fọwọ́ sí i, n kò béèrè pé kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ kan péré láti kọ orúkọ àwọn tí a sin síbẹ̀. Owó náà kò pẹ́ tí ó fi tán. Ilé alájà ni ó wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ mi kò sì lè mọ ibi tí ìrókò náà wà.

N kò sọ pé kí a má ta ilẹ̀. Láti ìgbà tí títì ńlá ti gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ní ìparí àwọn ọdún 1970, Èkó ti ń rìn bọ̀ wá bá wa lójoojúmọ́, Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀ sì ti kún. Ẹni tí ó ní kí a ti bodè mọ́ àlejò kò kọ́gbọ́n nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìjẹ̀bú ní 1892. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ohun tí a ń tà kí a tó tà á. Ìdí nìyí tí mo fi mú mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́, kí a sọ ọ́ ní ìpàdé gbogboogbò tí ń bọ̀.

Èkíní, kí mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti ibi tí ahoro, ibojì àtijọ́, odò àti igbó ìbílẹ̀ wọn wà, kí ẹgbẹ́ fi ìwé náà pamọ́.

Èkejì, kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò mọ bí a ti ń fi fóònù gba ohùn. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun náà kọ ohun tí àwọn òbí yín sọ fún yín ránṣẹ́ sílé.

Ẹ̀kẹta, bí àwọn awọnlẹ̀ bá ń pín ilẹ̀, kí a fi ibi kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ níbi tí ìtàn bá wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ìdí igi kan lọ, kí a sì ri òkúta tí a kọ orúkọ sí mọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ ran ilé ìwé lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti kó àwọn ọmọ lọ wo Erédò, kí wọ́n má bàa rò pé Conwy nìkan ni odi tí ó wà láyé.

Mo padà sí ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀: kí ni ti Ìjẹ̀bú nínú ìwé wa? Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tí ó pa Òwu run ní àwọn ọdún 1820, àwọn baba wa kan kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti 1976 ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti jọ wà nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ogún tí ó wà nínú ilé kan sì jẹ́ ti gbogbo ọmọ ilé. Bí Erédò, tí ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ, bá lè máa pòórá níṣojú wa, kí ni yóò gba ahoro kékeré tiwa là, bí a kò bá dìde?

Súngbọ́ kò bímọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní nítorí pé àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí kò jẹ́ kí orúkọ náà sọnù. Àwa tí a bímọ, tí ilé wa kún, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ kan pé, "Ṣé àwọn baba tiwa kò ṣe nǹkan kan rí ni?", kí a sì máa wo ara wa lójú.